Ohun tí Ojú Ń Rí Lójoojúmọ́: Iṣẹ́ tí Kámẹ́rà Kò Tíì Ṣe ní Òkè-Ògùn

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Àwọn tó pa òwe yìí kò mọ kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ fọ́tò yíyà mu jù ú lọ. Ẹni tó gbé kámẹ́rà sójú ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tí òun ń wò kò ní wà bẹ́ẹ̀ títí. Ìyá tó ya ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mọ̀ pé ọmọ náà yóò dàgbà. Ọkọ àti ìyàwó tó ya fọ́tò ìgbéyàwó mọ̀ pé ọjọ́ náà kò ní padà wá. Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn ará Òkè-Ògùn, pàápàá jù lọ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bi ara wọn ni èyí: èé ṣe tí ọgbọ́n yìí fi mọ sí ọjọ́ ayẹyẹ nìkan?

Bí ènìyàn bá lọ sí ibi ìgbéyàwó ní Ìsẹ́yìn tàbí ibi ìwúyè ní Ṣakí lónìí, fóònù tí yóò rí lókè lè pọ̀ ju abẹ̀bẹ̀ lọ. Gèlè, fìlà, agbádá, ijó jíjó àti owó níná, kò sí èyí tí wọn kò ní yà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ahunṣọ bá padà sídìí òfì rẹ̀, tí alágbẹ̀dẹ bá koná, tí ìyá tó ń ṣe òrí bá gbé ìkòkò kaná, tí ọmọbìnrin Fúlàní bá gbé igbá wàrà wọ ọjà, kámẹ́rà ti wọ àpò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́, ẹranko inú ọ̀dàn àti gbogbo ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ní Òkè-Ògùn yẹ ní yíyà. Wọ́n yẹ ní kíkọ orúkọ sí. Ilé-ìwé sì ni ibi tí iṣẹ́ náà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ iyì àwòrán. Babatunde Lawal, ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 2001 pé inú “à-wò-rántí” ni “àwòrán” ti jáde, ìyẹn ni ohun tí ènìyàn ń wò láti fi rántí. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn African Arts lórí bí Yorùbá ṣe ń lo fọ́tò. Ìlá Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ó ṣàpèjúwe àwòrán ìjókòó tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì fi kọ́ sára ògiri pálọ̀ títí di òní: àgbàlagbà jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ó wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, gbogbo ara rẹ̀ sì hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tún ṣàlàyé ohun tí àwọn onífọ́tò ń ṣe fún ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti kú, wọn a ya èyí tó wà láàyè, wọn a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó pọ̀.

Ẹni tó bá ronú sí èyí yóò rí i pé Yorùbá kò gba kámẹ́rà lọ́wọ́ òyìnbó bí ẹni gba ohun ìṣeré. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ tí ère ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni iṣẹ́ ọlá àti iṣẹ́ ìrántí. Ṣùgbọ́n nínú ọlá yìí kan náà ni àìtó ọ̀rọ̀ náà wà. Nínú àwòrán ìjókòó, àgbẹ̀ kì í mú ọkọ́ lọ́wọ́, ahunṣọ kì í sì í jókòó sídìí òfì. Ipò ènìyàn ni wọ́n ń yà, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ìran tó ń bọ̀ rí òun nínú aṣọ oko. Ọ̀rọ̀ náà yéni, ọ̀wọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọmọ-ọmọ mọ ojú baba ńlá rẹ̀, ó mọ agbádá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí ó ṣe ń ṣe iṣẹ́ tó fi ra agbádá náà.

Ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́ kì í jọ ni lójú. Ìgbà tó bá lọ tán ni iye rẹ̀ máa ń hàn. Ọkọ̀ ojú irin jẹ́ àpẹẹrẹ èyí nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Èkó, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Lẹ́yìn náà ó gba Ọ̀ṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà kọjá lọ sí Òkè Ọya. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ́ńjìnnì tó ń jó èédú, tí ooru omi híhó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀, ló ń fa ọkọ̀ náà. Fún ará Ọ̀fà tàbí ará Ọ̀ṣogbo, èéfín rẹ̀ àti fèrè rẹ̀ kì í ṣe ìran àpéwò mọ́ nígbà tó yá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì gba ipò rẹ̀, ohun tó wọ́pọ̀ di ìtàn. Nígbà tí wọ́n sì ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù kẹfà 2021, ọ̀pọ̀ ọmọ tó wọ̀ ọ́ kò rí ẹ́ńjìnnì èéfín rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí lè lọ sí Jaekel House ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Ilé náà ti wà láti 1898, ẹgbẹ́ Legacy sì tún un ṣe, ó di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré fún rélùwéè. Àwọn fọ́tò àtijọ́ wà lára ohun tó jẹ́ kí ibẹ̀ lè sọ ìtàn. Ká ní ẹnikẹ́ni kò ya ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó ṣì wọ́pọ̀, kí ni wọn ìbá fi kọ́ sára ògiri?

Erékùṣù Kúbà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà lọ́nà mìíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ láti gé ìrèké, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè wọ́n ní Lukumí. Láti 1837 ni Kúbà ti ní ojú irin. Àwọn ilé iṣẹ́ ṣúgà ibẹ̀ ń fi ẹ́ńjìnnì èéfín fa ìrèké títí di òpin ọ̀rúndún tó kọjá, nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti pa á tì. Nítorí náà, àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin ń wọ bàálù láti Yúróòpù lọ síbẹ̀ láti ya wọ́n, wọ́n sì ń ya ẹṣin, kẹ̀kẹ́ ẹrù àti ìgbésí ayé ojú pópó mọ́ ọn. Ní ojú òṣìṣẹ́ tó ń da èédú tàbí epo sínú rẹ̀, irin tó ń bani láṣọ jẹ́ ni ẹ́ńjìnnì náà. Ní ojú àlejò, ìṣúra ni. Ní 2002, ìjọba Kúbà ti ilé iṣẹ́ ṣúgà tó sún mọ́ ìdajì pa, ọ̀pọ̀ lára àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Fọ́tò wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú àpótí àwọn àlejò. Àlejò ya ohun tó wú u lórí, onílé kò ya ohun tó mọ̀. Àlejò lè ya ẹ́ńjìnnì dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè mọ orúkọ ìnagijẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ fún un, tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ jóná nídìí rẹ̀.

Ojú irin kò dé Òkè-Ògùn ní tirẹ̀. Kò yà sí Ìsẹ́yìn, kò sì yà sí Ṣakí. Ọkọ̀ akẹ́rù onípákó tí wọ́n ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà ló ṣe iṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀. Ó kó iṣu, èlùbọ́, òwú àti ènìyàn lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, ó sì kó iyọ̀, páànù àti ìròyìn padà. Ọ̀rọ̀ wà tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ ní orúkọ, ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ ní igbe tó fi ń pe èrò. Ta ló kó àwòrán wọn jọ? Rélùwéè ní ìjọba àti ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ ìtàn rẹ̀. Bọ̀lẹ̀kájà kò ní ẹnì kankan, àfi ìrántí àwọn àgbà tó wọ̀ ọ́, àwọn àgbà náà sì ń lọ.

Irú ohun bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè lónìí, tí àkókò kò tíì kọjá lórí rẹ̀. Ẹ wo òfì Ìsẹ́yìn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ òkè tí wọn kò ní dárúkọ ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olùkọ́ àṣà tí kò kọ́ ọmọ ní sányán, àlàárì àti ẹtù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń yí padà. Òwú tí ilé iṣẹ́ ṣe, pẹ̀lú èyí tó ń dán, ti gba ipò ńlá lọ́wọ́ òwú tí àwọn ìyá ń ran ní ọwọ́ àti lọ́wọ́ sányán tó ń ti ara kòkòrò inú igbó wá. Ẹni tó bá dúró ní agboolé ahunṣọ yóò rí okùn òwú gígùn tí wọ́n nà sílẹ̀ níwájú òfì, tí ẹrù òkúta dì í mú lókèèrè, tí ẹrù náà sì ń sún mọ́ ahunṣọ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ti ń gùn sí i. Yóò rí ọ̀kọ̀ tó ń sáré láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì, àti ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń tẹ̀ ní ìsàlẹ̀ láìsinmi. Yóò rí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọn yóò gé, tí wọn yóò sì rán pọ̀ kó tó di ìró tàbí agbádá. Aṣọ náà wà nínú àìmọye fọ́tò òde. Ọwọ́ tó hun ún ni kò sí níbẹ̀.

Bákan náà ni ti ẹranko. Apá kan ilẹ̀ Òkè-Ògùn bọ́ sínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Old Oyo National Park. Igbó méjì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1936 àti 1941 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, ahoro Ọ̀yọ́-Ilé sì wà nínú rẹ̀. Ẹfọ̀n, ìgalà, ìmàdò àti ìjímèrè wà lára ẹranko tí wọ́n ń dárúkọ mọ́ ọn. Ọmọ ilé-ìwé gíga tó ń ka ìjálá fún ìdánwò mọ̀ pé ti Ògún ni, pé àwọn ọdẹ ló ń sun ún. Adeboye Babalola gbé ìwé rẹ̀, The Content and Form of Yoruba Ijala, jáde ní 1966, oríkì ẹranko sì wà lára ohun tó kó jọ síbẹ̀. Kí ni ìjálá ẹranko bí kò ṣe àwòrán tí ọdẹ fi ẹnu yà? Ó sọ bí ẹranko ṣe ń rìn, bí ìwo rẹ̀ ṣe tẹ̀, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí nínú koríko gbígbẹ, àti ohun tó lè ṣe fún ẹni tó bá fojú di í. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń há oríkì ẹfọ̀n sórí kò rí ẹfọ̀n rí, wọn kò tilẹ̀ rí àwòrán èyí tí wọ́n yà nínú ọ̀dàn tiwọn gan-an. Erin àti kìnnìún ilẹ̀ Kẹ́ńyà tí wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n mọ̀. Bí fọ́tò ẹfọ̀n láti inú ọ̀dàn yìí bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjálá ọdẹ Ìgbòho tàbí ti Ṣakí, ẹ̀kọ́ méjèèjì yóò wọlé. Kò pọn dandan kí ọmọ kankan wọ igbó nítorí èyí, kò sì yẹ kó wọ̀ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà wà níbẹ̀. Ilé-ìwé ló yẹ kó tọ̀ wọ́n lọ.

Àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, ó sì yọrí sí rere. J. D. ’Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó tí wọ́n bí ní 1930, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìjọba fún ìròyìn ní Ìbàdàn ní 1954. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, títí tí àkójọ náà fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Irun dídì, ohun tó wà lójú pópó, lọ́jà àti níbi iṣẹ́, ohun tí kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ kí wọ́n tó tú u! Púpọ̀ nínú wọn ni ó yà láti ẹ̀yìn, láìsí ohun mìíràn tó ń fa ojú. Ó sì kọ orúkọ irun sí wọn: Onílé Gogoro, Ṣùkú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó kú ní 2014, àwọn ibi ìṣàfihàn ńlá ní Yúróòpù ti ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ya iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kì í ṣe ẹwà nìkan. Orúkọ tó kọ sí i ló jẹ́ kó di ìwé ìtàn. Irun tí kò ní orúkọ, irun lásán ni.

Ti Solomon Osagie Alonge ní ìlú Benin náà ní ẹ̀kọ́ nínú. Òun ni onífọ́tò ààfin, ó sì dá ilé ìyàwòrán Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní 1942. Ó kú ní 1994. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ló ń tọ́jú àkójọ rẹ̀, wọ́n sì fi hàn aráyé ní 2014. Ó dára púpọ̀ pé wọn kò jóná, pé ikán kò jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n onífọ́tò mélòó ní Òkè-Ògùn ni Smithsonian yóò wá kàn? Ní ọ̀pọ̀ ìlú, onífọ́tò àtijọ́ kan wà tó ní páálí nẹ́gátíìfù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a gbá páálí náà dà sórí ààtàn, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ìtàn ìlú ni wọ́n ń gbá dànù.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù, pé fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, fọ́tò sì ti pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè wò tán lọ. Òótọ́ ni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n pípọ̀ kọ́ ni pípamọ́. Fóònù tó bọ́ sínú omi a gbé fọ́tò ọdún márùn-ún lọ. Èyí tí kò bọ́ sómi kò ní orúkọ, kò ní ibi, kò ní ọjọ́. Lẹ́yìn ogún ọdún, “ìyá kan lọ́jà” ni yóò kù.

Àtakò mìíràn wúwo ju èyí lọ. Àwọn àgbà kan kò fẹ́ kí wọ́n ya wọn níbi iṣẹ́, nítorí wọ́n ti rí i bí àwọn kan ṣe ń ya ọmọ tó wọ àkísà àti ìyá tó ru igi, tí wọ́n sì ń fi wọ́n tọrọ owó kiri ayé. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti bínú. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe pé kí kámẹ́rà dákẹ́, bí kò ṣe pé kí ó kọ́ ìwà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, kí ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe, kí ó sì gba “bẹ́ẹ̀ kọ́” bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó tẹ fọ́tò kan fún ẹni tó yà. Kí ó ya iṣẹ́ àti ọgbọ́n, kì í ṣe ìṣẹ́ àti ìyà. Ọmọ ilé, tó mọ ẹni tó ń yà, tí yóò tún rí i ní ọ̀la, lè ya á pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí àlejò kò ní.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ Yorùbá gan-an. Lọ́dọọdún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ àròkọ aṣàpèjúwe, ọ̀pọ̀ wọn sì ń há “Ọjà Ìlú Mi” sórí láti inú ìwé. Kí olùkọ́ ní kí wọ́n ya fọ́tò kan ṣoṣo níbi iṣẹ́ òòjọ́ kan ládùúgbò, kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè márùn-ún sí abẹ́ rẹ̀: Ta nìyí? Kí ló ń ṣe? Níbo ni? Ọjọ́ wo ni? Kí ni òun fúnra rẹ̀ ń pe ohun èlò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbéèrè karùn-ún yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ. Apá kọ̀ọ̀kan lára òfì ní orúkọ lẹ́nu ahunṣọ, irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá kú, orúkọ náà a kú mọ́ ọn, èdè a sì dínkù láìsí ẹni tó gbọ́ ìró ìṣubú rẹ̀. Fọ́tò tí a kọ orúkọ sí lè mú irinṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ dání pọ̀. Kí ilé-ìwé tẹ èyí tó dára jù sórí ìwé, kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sí yàrá ìkàwé, kí wọ́n sì fi òmíràn pamọ́ síbòmíràn. Kò ná ilé-ìwé ní owó púpọ̀. Sùúrù ni ó ń ná wọn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn tó ya ẹ́ńjìnnì èéfín kò mọ̀ pé ìtàn ni àwọn ń yà. Wọ́n kàn ya ohun tó wà níwájú wọn kó tó lọ ni. Ohun tó wà níwájú ọmọ Òkè-Ògùn lónìí ni okùn òwú tí wọ́n nà sílẹ̀ ní agboolé, iná alágbẹ̀dẹ, ìkòkò òrí, àti ẹfọ̀n tó kù nínú ọ̀dàn. Wọ́n ṣì wà. Ẹni tó mú wọn dání ṣì lè sọ orúkọ wọn. Kí ẹnì kan lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.